Ẹ̀gbọ́n Ti Kú, Ó Ṣì Ń Dáhùn

Ẹ̀rọ náà kú ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ la dé ibẹ̀, ó sì ṣì ń sọ fún gbogbo ayé pé ara òun le koko.

Àwàdà kọ́. Mo dúró nínú yàrá ìṣọ́ ilé ìwòsàn náà, ní àjà kejì, mo ń wo pátákó oníná kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn lára ògiri. Orúkọ gbogbo sáfà ilé ìwòsàn wà lára rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, iná àwọ̀ ewé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Ẹ̀gbọ́n ló wà lókè pátápátá. Ooru rẹ̀, dígírì mẹ́tàlélógún. Fáànù rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí. Díìsì rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ibi tí àkọsílẹ̀ wà, pé. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n gan-an la ti ń bọ̀, nísàlẹ̀. Wọ́n ti yọ wáyà iná rẹ̀, inú rẹ̀ dúdú, ó ń rùn bí ike tó jóná.

"Bàbá," ọ̀gá mi pè mí, "ṣé ẹ rí ohun tí mo rí? Òkú ń jẹ́ ìpè."

Kílóṣáájú lorúkọ tí àwa ọlọ́pàá sọ ọ́. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ó jù mí lọ nípò. Ẹ lè sọ fún un pé wọ́n jalè, pé wọ́n pànìyàn, pé ilé wó, ìbéèrè kan náà ni yóò bi yín: "Kí ló ṣáájú?" Ó bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn àgọ́ wa. Mo ní ọjọ́ ogbó ló ṣáájú. Kò rẹ́rìn-ín, ó lọ wo àtẹ̀gùn náà.

Èmi náà ò lẹ́rìn-ín lẹ́nu lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Ìyàwó mi wà nísàlẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì gígùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ka ìtọ́jú onítànṣán, òun àti àwọn alárùn jẹjẹrẹ yòókù. Ọgbọ̀n ìgbà ni wọ́n ní àwọn máa tan ìtànṣán sí i lára. Wọ́n ti ṣe méjìdínlógún. Inú Ẹ̀gbọ́n ni ìlànà ìtọ́jú rẹ̀ wà: ibi tí ìtànṣán yóò bà, bí yóò ṣe le tó, ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé rárá. Dókítà ti kìlọ̀ fún wa látìbẹ̀rẹ̀ pé ìtọ́jú yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dá dúró. Bó bá dúró pẹ́, àrùn náà á tún gbérí, gbogbo ìyà tó ti jẹ á sì já sófo.

Àbúrò, ẹ̀rọ kejì tó wà nínú yàrá kan náà, ló ní ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù. Ẹ̀dà kẹta, tó yẹ kó wà níta ilé ìwòsàn, inú ìwé ètò nìkan ló wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi wọ́n bóyá Àbúrò wà lálàáfíà. Wọ́n nàka sí pátákó: dígírì mẹ́rìnlélógún, iná àwọ̀ ewé. Mo fẹ́ gbà á gbọ́.

*

Ọ̀gá Ẹ̀rọ, ọkùnrin tí gbogbo sáfà ilé ìwòsàn wà níkàáwọ́ rẹ̀, kò fẹ́ kí a pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé kálámù mẹ́ta sápò àyà, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú.

"Ẹ ti mú ẹni tó ṣe é," ó ní. "Òun ló ń ṣọ́ pátákó yìí láti àná, ó sì sùn títí ẹ̀rọ fi jóná. Ó wà ní àtìmọ́lé yín. Kí lẹ tún ń wá?"

"Ẹ ṣàlàyé pátákó yìí fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá yín," Kílóṣáájú ní.

Ó mí kanlẹ̀. "Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kọ̀ǹpútà olùbéèrè á bi sáfà kọ̀ọ̀kan léèrè lórí wáyà. Ooru rẹ ńkọ́? Fáànù rẹ ńkọ́? Díìsì rẹ ńkọ́? Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, èdè kan náà ni gbogbo irú ẹ̀rọ wọ̀nyí sì ń sọ. Ẹ̀rọ á dáhùn, pátákó á kọ ọ́. Bí nǹkan bá bàjẹ́ láàárín ìbéèrè méjì, ẹ̀rọ náà á ké jáde fúnra rẹ̀, kò ní dúró de ìbéèrè. Iná rẹ̀ á pupa."

"Bíi nọ́ọ̀sì tó ń yí wọ́ọ̀dù ká."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màmá."

"Ta ló wá ń dáhùn fún ẹni tó ti kú?"

"Ìdáhùn àná ni. Pátákó ti há."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, mẹ́tàlélógún tó wà níwájú Ẹ̀gbọ́n di mẹ́rìnlélógún. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí i.

Kílóṣáájú ò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ń rìn káàkiri yàrá bí ẹni tó wá yá ilé. Ó dúró níbi kọ̀ǹpútà kékeré kan ní kọ̀rọ̀, tí wọ́n lẹ bébà mọ́ lórí: TI ÌDÁNRAWÒ.

"Èyí ńkọ́?"

"Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ la fi ń kọ́," Ọ̀gá Ẹ̀rọ dáhùn. "Ó ń fèsì bíi ti sáfà, kí wọ́n má baà lọ máa fi èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ́ṣẹ́. Kò kàn yín."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí àwọn dókítà máa lo Àbúrò, kí iṣẹ́ má dúró."

"Rárá." Ọ̀rọ̀ náà yá jù lẹ́nu rẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan Àbúrò títí ẹ ó fi parí ìwádìí. Ẹ̀rí ni."

Mo rántí pé nígbà tí a wà nísàlẹ̀, ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ ló dá wa dúró sí. Inú yàrá náà gbóná bí ibi ìdáná, Ọ̀gá Ẹ̀rọ sì ní iná tó jó Ẹ̀gbọ́n ló fà á. Mo gbà bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀rọ ju bí mo ṣe ń tẹ fóònù mi lọ.

*

Òdìkejì títì ni àgọ́ wa wà. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ pátákó, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Olùṣọ́, jókòó sórí ilẹ̀ nínú àtìmọ́lé. Ó ti ṣi bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dè, ọ̀tún gùn ju òsì lọ.

"Kí ló ṣáájú?" Kílóṣáájú bi í.

"Kò sí nǹkan kan tó ṣáájú, Màmá. Pátákó ò pupa. Mi ò kúrò níwájú rẹ̀, mi ò tòògbé."

"Irọ́ lo ń pa," mo ní. Mi ò mọ ìgbà tí mo di kọ́là rẹ̀ mú. "Ìwọ lo sùn. Àwọn èèyàn ń kú lọ lórí bẹ́ǹṣì, ìwọ lọ sùn."

"Bàbá, ẹ jókòó," ọ̀gá mi ní. Kò gbóhùn sókè. Mo jókòó. Ó mọ̀ pé ìyàwó mi wà lórí bẹ́ǹṣì náà, kò sì lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ yìí láàárọ̀ bó tilẹ̀ yẹ kó lé mi. Ó yíjú sí Olùṣọ́. "O ò sọ̀ kalẹ̀ lọ fojú wo ẹ̀rọ?"

"Mo máa ń lọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí. Ó ní òun fẹ́ dín àwọn tó ń wọbẹ̀ kù. Ó ní pátákó ti tó mi."

"Bí ẹnì kan bá fẹ́ dáhùn lórúkọ ẹ̀rọ mìíràn, ṣé ó ṣeé ṣe?"

Ó ronú díẹ̀. "Ó ṣeé ṣe. Olùbéèrè ò mojú. Àdírẹ́sì ló mọ̀, àti ọ̀rọ̀ àṣírí. Ibi tí wọ́n bá ní kó lọ béèrè ló ń lọ, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí náà tó dáhùn, òun ló ń gbà gbọ́. Igbe tó bá wá láti àdírẹ́sì mìíràn, kò ní kà á sí."

"Ta ló mọ ọ̀rọ̀ àṣírí?"

Ó wolẹ̀. "Èmi àti Ọ̀gá nìkan."

Nígbà tí a jáde, mo sọ fún Kílóṣáájú pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ àṣírí, tó wà níbẹ̀ láti àná, kí la tún ń fẹ́? Ó ní àwọn méjì ló ní in, ọ̀kan ṣoṣo ló sì ń bẹ̀rù kí wọ́n fọwọ́ kan Àbúrò. Ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

*

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàrá ẹ̀rọ ò fẹ́ bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀. Kílóṣáájú bá a gbé báàkẹ́ẹ̀tì dé ìdí ẹ̀rọ omi, ó bá a fún aṣọ ìnulẹ̀, ó ń kùn nípa ẹ̀yìn ríro. Kí a tó padà, wọ́n ti ń pe ara wọn ní ìyá ọmọ.

"Ibo lẹ máa ń sá aṣọ yìí sí?"

"Ara irin ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni." Yàrá ẹ̀rọ ló ń nàka sí. "Tẹ́lẹ̀, ó máa ń tó ọ̀sán kó tó gbẹ. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí n tó nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ tán, ó ti gbẹ táútáú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo rò pé oòrùn ni."

"Kò sí fèrèsé níbí."

"Mi ò ro tìyẹn, ìyá ọmọ."

"Láti ọjọ́ wo gan-an?"

Ó fi ìka kà á. "Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo rántí torí pé ọjọ́ yẹn ni mo rí ọkùnrin kan tó gbé nǹkan tí wọ́n fi aṣọ wé jáde. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà. Nǹkan náà wúwo, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ."

Ara mi yá gágá. Olè rèé. Mo ti ń wo ojú rẹ̀ nínú ọkàn mi, mo ti ń gbọ́ bí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ṣe ń pa lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ní nọ́ńbà fóònù ọkùnrin náà nínú ìwé rẹ̀. Èmi ni mo pè é, ohùn tí mo sì lò kì í ṣe ohùn ẹni tó fẹ́ kíni.

"Mọ́tò ẹ̀rọ amúlétutù ni," ọkùnrin náà ní. "Ó jóná. Ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń tún ṣe, oníṣẹ́ ọwọ́ ni mí. Mo sọ fún Ọ̀gá Ẹ̀rọ pé títí tuntun á fi dé, yàrá yẹn ò ní tutù o. Ó ní kí n gba ẹ̀yìn jáde. Lónìí ló yẹ kí n gbé tuntun wá, aago mẹ́rin."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Olè mi ti di oníṣẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n Kílóṣáájú ti lẹ̀ mọ́ ògiri, ó pa ojú dé.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án, Bàbá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mọ́tò ti jáde, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni aṣọ ti ń gbẹ kíákíá, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án náà ni pátákó fi ń sọ pé ooru ò ju mẹ́rìnlélógún lọ. Ta lẹ gbà gbọ́, pátákó tàbí aṣọ ìnulẹ̀?"

*

Ó ní kí wọ́n tẹ gbogbo ìdáhùn Ẹ̀gbọ́n jáde, ti ọ̀sẹ̀ méjì. Bébà náà pọ̀ bí ìwé ìdìbò. A kó o lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà ẹ̀ka onítànṣán, torí tábìlì rẹ̀ ló fẹ̀ jù. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń rí bẹ́ǹṣì náà. Ìyàwó mi wé ìborí aláwọ̀ ewé rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó fi ojú bi mí léèrè. Mo ṣe bí ẹni pé mò ń kàwé.

Ìka Kílóṣáájú ń sọ̀ kalẹ̀ lórí nọ́ńbà. Mẹ́tàlélógún, mẹ́rìnlélógún, mẹ́tàlélógún. Ó dúró.

"Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun pàdánù iná fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, bátìrì ló gbé òun dúró. Nọ́ọ̀sì, ṣé iná lọ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá?"

"Iná ò lọ," nọ́ọ̀sì ní. "A ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́."

"Ìgbà wo ló lọ kẹ́yìn?"

"Háà, èyíinì ò ṣeé gbàgbé. Èmi ló há sínú lífíìtì. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá, èmi àti bàbá kan tó ń kọrin fún mi kí n má bàa bẹ̀rù. Orin náà ló bà mí lẹ́rù." Ó wá ìwé rẹ̀. "Ọjọ́bọ̀ náà ni, aago mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ìyẹn gẹ́lẹ́."

Kílóṣáájú ká bébà náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ìdáhùn oṣù tó kọjá ni wọ́n ń tún dá. Ẹnì kan gba ohùn Ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le, ó sì ń gbé e jáde lẹ́yìn ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n là ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án."

"Àbúrò ńkọ́?" mo bi í. Ohùn mi jáde bí ohùn ọmọdé.

"Yàrá kan náà ni wọ́n wà, Bàbá. Bí yàrá bá gbóná, kì í gbóná fún ẹnì kan."

Ó ti ń sáré.

*

Ọ̀gá Ẹ̀rọ dúró síwájú pátákó nígbà tí a wọlé. Kílóṣáájú ò bá a sọ̀rọ̀. Ó lọ tààrà sí kọ̀ǹpútà ìdánrawò ní kọ̀rọ̀, ó fa wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

"Ẹ dá a padà," Ọ̀gá Ẹ̀rọ ní.

"Ṣebí ẹ ní ti àwọn akọ́ṣẹ́ ni. Kí ló kàn yín níbẹ̀? Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni olùbéèrè ń béèrè. Ẹ jẹ́ ká jókòó."

Mi ò tíì rí ìṣẹ́jú márùn-ún tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Kò sẹ́ni tó jókòó. Mo ń gbọ́ bí aago ògiri ṣe ń lù. Ọ̀gá Ẹ̀rọ ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ń nù ún, ó tún ń nù ún. Lẹ́yìn náà ni iná Ẹ̀gbọ́n di àwọ̀ eérú, kò sẹ́ni tó dáhùn fún un. Kò pẹ́, iná Àbúrò náà di àwọ̀ eérú. Gbogbo àwọn yòókù ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé.

"Ẹ darí olùbéèrè padà sọ́dọ̀ Àbúrò gan-an," Kílóṣáájú ní. "Kíákíá."

Ọ̀gá Ẹ̀rọ jókòó, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣi tẹ̀. Àbúrò dáhùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọn ò ti bi í léèrè, gbogbo ìdáhùn rẹ̀ sì bọ́ sórí pátákó lẹ́ẹ̀kan náà, pupa fòò: ooru, dígírì méjìléláàádọ́rin. Fáànù méjì ti dúró. Díìsì kan ti kú. Òmíràn ń kú lọ.

Mo ka nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kejì.

"Kí ló ṣáájú?" Kílóṣáájú bi Ọ̀gá Ẹ̀rọ. Ó rọra bi í ni, bí ẹni tó ń bi aláìsàn.

"Òfin ilé ìwòsàn ni pé bí pátákó bá pupa, ká pa ẹ̀rọ, ká ti yàrá ìtànṣán títí wọ́n á fi tún un ṣe." Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ọdún tó kọjá, fáànù kan ṣoṣo ló bàjẹ́, a tì í fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Èèyàn mẹ́rin ò padà wá mọ́. Mo mọ orúkọ wọn. Nígbà tí mọ́tò jóná, mo ní tí mo bá lè bò ó títí òmíràn á fi dé... Àárọ̀ yìí ni mo mọ̀ pé ó ti kọjá ohun tí mo lè bò. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní Olùṣọ́ ni."

"Àwọn òkú mẹ́rin yẹn ló ṣáájú?"

"Lẹ́tà ló ṣáájú."

Ó mú bébà kan jáde lápò àyà rẹ̀, níbi tí kálámù mẹ́ta yẹn wà. Kí Kílóṣáájú tó ṣí i ni mo ti mọ̀ ọ́n. Bébà onílà aró ni, ó ya létí níbi tí wọ́n ti fà á kúrò nínú ìwé ìkọ̀rọ̀sílẹ̀ ọlọ́pàá. Inú ìwé mi ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lórí bẹ́ǹṣì náà, ìyàwó mi ń sọ ọ́, mo ń kọ ọ́: *Ẹ̀yin ọ̀gá wa, nígbà tí ẹ ti yàrá ìtọ́jú, mẹ́rin nínú àwọn tó ṣáájú wa ò padà sórí bẹ́ǹṣì yìí. A fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ohun yòówù kó ṣe ẹ̀rọ, ẹ má tì í mọ́.* Èèyàn mọ́kànlélógójì ló fọwọ́ sí i. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Mo tiẹ̀ gbóríyìn fún ara mi lọ́jọ́ náà pé ọ̀rọ̀ náà wọni lọ́kàn.

Kílóṣáájú kà á tán. Ó wo ọwọ́ ìkọ̀wé náà, ó wò mí. Ó ti ń ka ìròyìn ìwádìí mi láti ọdún mẹ́fà.

"Bàbá," ó ní, "ẹ lọ mú Olùṣọ́ wá."

*

Mo fi orúnkún mi tó ti daṣẹ́ sílẹ̀ sáré sọdá títì náà. Èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn àtìmọ́lé. Mi ò ráyè tọrọ àforíjì, mo kàn sọ pé "Àbúrò ń kú," Olùṣọ́ sì sáré ṣíwájú mi.

Ó fọwọ́ kan ara ẹ̀rọ náà, ó fà á kúrò kíá. "Ẹ má pa á o. Bí díìsì tó gbóná báyìí bá dúró, kò ní yí mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa yí, ká máa kó o jáde." Ó ki wáyà bọ̀ ọ́. Obìnrin agbálẹ̀ gbé fáànù onídùúró méjì wá, ó ń fi páálí fẹ́ ẹ pẹ̀lú. Ọ̀gá Ẹ̀rọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ yí fáànù tó ti dúró, ó ń jó o lọ́wọ́, kò sì yọ ọ́.

"Ìlànà mọ́kànlélógójì," Olùṣọ́ ní. "Ìṣẹ́jú kan fún ọ̀kan, bó bá gbà. Ti ta ni kó ṣáájú?"

Nọ́ọ̀sì àgbà ṣí ìwé rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé òní. Àbí ẹnikẹ́ni wà tó yẹ ká gbé síwájú?"

Mo mọ ipò ìyàwó mi nínú ìwé náà. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni tirẹ̀, òun ni ẹni kẹrìnlélọ́gbọ̀n. Mo la ẹnu. Kílóṣáájú ń wò mí, nọ́ọ̀sì ń wò mí, kò sí èyí tí yóò bá mi jà bí mo bá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀bẹ̀ nítorí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohun tí ẹ̀bẹ̀ náà bí ló ń jóná níwájú mi yìí. Mo pa ẹnu mi dé.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kínní, ẹnì kejì. Nígbà tó di ogún, ooru ti wálẹ̀ sí méjìdínláàádọ́rin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Nígbà tó di ọgbọ̀n, mo ń kà á sókè, mi ò mọ̀. Ìkọkànlélọ́gbọ̀n. Ìkejìlélọ́gbọ̀n. Ìkẹtàlélọ́gbọ̀n parí. Orúkọ ìyàwó mi jáde lójú kọ̀ǹpútà Olùṣọ́, ilà kékeré tó ń fi hàn pé ó ń bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ó dé ìdajì.

Àbúrò ha bí ẹni tí nǹkan há lọ́nà ọ̀fun. Lẹ́yìn náà, kò dún mọ́.

Olùṣọ́ gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni olùbéèrè béèrè, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ Ọ̀gá Ẹ̀rọ, ọwọ́ náà ti bó. Mo fẹ́ kórìíra rẹ̀, mo gbìyànjú rẹ̀ gan-an. Ó ní "Ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "Mo ti gbọ́."

"Mo gbọ́dọ̀ kọ ohun tó ṣáájú sínú ìròyìn ìwádìí mi," Kílóṣáájú sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó di lẹ́tà náà mú. "Ẹ bínú sí mi bẹ́ẹ bá fẹ́."

"Ẹ kọ ọ́, Màmá."

*

Ìyàwó mi sún kí n ráyè jókòó. Bàbá arúgbó kan tó ní ọ̀pá ìtilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá kejì.

"Ẹ ti dé," ìyàwó mi ní.

"Mo ti dé."

"Ṣé wọ́n rí i?"

"Wọ́n rí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n."

Kò bi mí nípa tirẹ̀. Ó wo ojú mi, ó rí i níbẹ̀. Ó yíjú sí arúgbó náà, ó fọwọ́ kàn án léjìká. "Bàbá, ṣebí aago méjì àbọ̀ ni tiyín? Ẹ̀yin lẹ máa ń ṣáájú mi wọlé. Tiyín wà níbẹ̀. Ẹ má sunkún mọ́."

Mo sọ ohun tí dókítà wí fún un: wọ́n máa tún un wọ̀n látìbẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn mìíràn, ọjọ́ méjìlá ni yóò gbà, dókítà ò ṣèlérí pé èyí tí wọ́n ti ṣe ò ní ṣòfò. Ó ń fi àtàńpàkò ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Mo wá sọ ti lẹ́tà. Mo ní àfọwọ́fà ni, ọwọ́ mi ni mo fi fà á. Omi bọ́ lójú mi níbi tí gbogbo èèyàn ti ń wò mí, tèmi ti aṣọ ọlọ́pàá lọ́rùn.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́," ó ní. "Èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín kó fi orúkọ mi ṣáájú tiyín."

Ó ń wo àwọn méje yòókù tí nọ́ọ̀sì ń pè lọ́kọ̀ọ̀kan sí kọ̀rọ̀.

"Ẹ fún mi ní kálámù yín," ó ní.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ká kọ òmíràn. Ká ní bó bá pupa, kí wọ́n tì í. Kí wọ́n má wo ojú wa. Àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ la máa fọwọ́ sí i, èmi ni màá ṣáájú."

Mo fa bébà kan ya nínú ìwé mi. Mo fẹ́ kọ ọ́ fún un bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó gba kálámù náà lọ́wọ́ mi, ó gbé bébà lé orúnkún rẹ̀, ó sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀.